Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Wọlé Lọ́jọ́ Àkọ́kọ́

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: “Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?” Bí mo bá dáhùn tán, ìkejì á tẹ̀ lé e, ohùn ẹni náà á sì wálẹ̀: “Tí mo bá débẹ̀, kí ni wọ́n máa fi mí ṣe?” Ìkejì yìí gan-an ló ń dá èèyàn dúró. Ó dá èmi náà dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà ìpàdé, tí mo ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ, tí mo sì gba ilé mi lọ. Ìgbà kẹta ni mo tó wọlé. Nítorí náà, mi ò ní fi gbogbo ojú ìwé yìí sọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹgbẹ́ nìkan. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà kọjá.

## Ẹ kọ́kọ́ ka èyí: ẹ má dá ọtí dúró lójijì

Bí ẹ bá ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má torí pé ìpàdé wà lọ́la kẹ́ ẹ dá a dúró lálẹ́ òní. Ara tí ọtí ti di bárakú fún kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bo èèyàn, àyà á máa já, oorun ò ní wá. Gìrì lè mú àwọn kan láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Láti nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, orí àwọn mìíràn máa ń dàrú: wọn á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ara wọn á sì gbóná. Èyí lè pa èèyàn bí wọn ò bá tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ rí dókítà ṣáájú bí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá bá yín mu:

- ọwọ́ yín máa ń gbọ̀n láàárọ̀ títí ẹ ó fi mu díẹ̀
- gìrì ti mú yín rí nígbà tí ẹ gbìyànjú láti jáwọ́
- ẹ ń lo oògùn oorun tàbí oògùn tó ń fọkàn balẹ̀ mọ́ ọtí
- ẹ lóyún, tàbí ẹ ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀

Dókítà lè fún yín ní oògùn tí ara á fi kúrò lábẹ́ ọtí díẹ̀díẹ̀, àti fítámì B1 tó sábà máa ń tán lára ẹni tó ń mutí gan-an. Lákòókò yìí, ẹ ṣì lè máa lọ sípàdé. Kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ tán kẹ́ ẹ tó wá. Àwọn ẹgbẹ́ kan kàn máa ń ní kí ẹni tó bá ti mu lọ́jọ́ náà fetí sílẹ̀, kó má sọ̀rọ̀.

## Irú ẹgbẹ́ tó wà

Mi ò ní fa èyí gùn, torí mo ti rí ẹni tó lo oṣù mẹ́ta níbi kó ti máa fi ẹgbẹ́ kan wé òmíràn tí kò sì lọ sí ìkankan.

Alcoholics Anonymous (AA) ló ṣeé ṣe kẹ́ ẹ tètè rí jù, torí ó wà ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 180. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wù yín láti jáwọ́ nínú ọtí. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n máa ń gbé agbọ̀n kiri, ẹni tó bá wù á fi nǹkan sí i. Ìgbésẹ̀ 12 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìyẹn ìlànà tí èèyàn ń gbà lọ́kọ̀ọ̀kan láti jáwọ́, orúkọ Ọlọ́run sì máa ń wọ ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ wọ́n fi sílẹ̀ fún kálukú láti túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé e.

SMART Recovery kò ní ìgbésẹ̀ 12, kò ní onígbọ̀wọ́ (ẹni tó ti pẹ́ láìmutí tó ń tọ́ ẹni tuntun sọ́nà), kò sì sí ẹni tó máa ní kẹ́ ẹ pe ara yín ní ọ̀mùtí. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń darí ìpàdé. Ẹ máa ń kọ nǹkan sínú ìwé níbẹ̀, irú bí àǹfààní tẹ́ ẹ rò pé ọtí ń ṣe yín àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí wọ́n ṣàlàyé ìdí nǹkan, ibẹ̀ lè bá yín lára mu.

Women for Sobriety jẹ́ ti obìnrin nìkan, láti ọdún 1975. LifeRing kì í da ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ọn. Celebrate Recovery jẹ́ ti Kristẹni, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe ọtí nìkan ni wọ́n ń bójú tó.

Èwo ló dáa jù? Àtúpalẹ̀ tí àjọ Cochrane, tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, gbé jáde lọ́dún 2020, tó kó ìwádìí 27 pọ̀, fi hàn pé AA àti ìtọ́jú tó ń darí èèyàn lọ síbẹ̀ kò kéré sí ìtọ́jú mìíràn, ó tiẹ̀ máa ń ṣe dáadáa jù wọ́n lọ ní ti kí èèyàn má fẹnu kan ọtí rárá. Èyí kò ní kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ AA máa fi agbára jókòó síbẹ̀. Èyí tí ẹ máa padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ fẹ́.

## Bí ẹ ṣe máa wá a

1. Ẹ lọ sórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. AA ní aa.org, wọ́n sì ní áàpù kan tó ń jẹ́ Meeting Guide, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má gbára lé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹlòmíràn kó jọ síbì kan, torí ìpàdé máa ń yí ilé àti àkókò padà, àkọsílẹ̀ àtijọ́ á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

2. Ẹ kọ ìpàdé mẹ́ta sílẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ò ní rí àwáwí dúró sílé.

3. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọ̀kan bọ́ sí wákàtí tí ọ̀fun yín sábà máa ń gbẹ. Bó bá jẹ́ aago méje alẹ́ lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀, ìpàdé aago méje alẹ́ lẹ máa wá. Ó ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

4. Ẹ wo bóyá ìpàdé náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nínú àkọsílẹ̀ AA, lẹ́tà O túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè wọlé, tó fi mọ́ ìyàwó, ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ tó sìn yín wá. Lẹ́tà C túmọ̀ sí pé ó wà fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí nìkan. Ẹ̀yin lè wọ méjèèjì. Ẹni tó ń sìn yín ni kò lè wọ ìkejì.

5. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà. Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nílé ìwòsàn, àlùfáà tàbí olórí ẹ̀sìn tẹ́ ẹ fọkàn tán sábà máa ń mọ ibi tí wọ́n ti ń pàdé.

Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó kọ́kọ́ yọ bí ìpolówó nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá a. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ń béèrè káàdì báǹkì tàbí owó ìwọlé, ilé ìtọ́jú tó ń wá oníbàárà lẹ pè. Ó lè jẹ́ ilé ìtọ́jú gidi o, àmọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ń wá.

## Ẹ pè wọ́n ṣáájú

Ìpè ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ ò ní láti dárúkọ, ẹ ò sì ní láti sọ ìtàn. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ ka èyí jáde bó ṣe wà:

“Ẹ ǹlẹ́ o. Mo fẹ́ wá sípàdé yín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣé ó ṣì ń wáyé lọ́jọ́ àti àkókò tí mo rí yìí? Ẹnu ọ̀nà wo ni mo máa gbà wọlé? Ṣé ẹnì kan lè dúró dè mí níta?”

Ẹ má fo ìbéèrè ẹnu ọ̀nà yẹn. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, gbọ̀ngàn àdúgbò tàbí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n sábà máa ń lò, kì í sì í sí pátákó ńlá níwájú. Ẹni tẹ́rù ń bà tó bá ti yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí ibi tó máa gbà wọlé, ilé ló ń lọ. Kí ẹnì kan dúró níta dè yín ló dáa jù nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ ṣe é, torí àwọn náà rántí ọjọ́ tiwọn.

## Lọ́jọ́ náà gan-an

- Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde. Ebi àti ọtí, ọ̀rẹ́ ni wọ́n.
- Ẹ débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú. Ẹni tó bá pẹ́ ni gbogbo ojú máa ń yí sí.
- Ẹ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè dìde lọ nígbàkigbà, ó máa ń rọrùn láti jókòó.
- Ẹ pa ohùn fóònù, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀.
- Ẹ ti mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà padà sílé. Kó má gba iwájú ilé ọtí yín kọjá.

Ẹ má mu “díẹ̀” kí ọkàn yín lè balẹ̀ láti wọlé. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà kejì tí mo lọ. Díẹ̀ náà ló dá mi padà láti ẹnu ọ̀nà.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá

Ìpàdé sábà máa ń gba wákàtí kan sí wákàtí kan àtààbọ̀. Bó ṣe máa ń lọ nínú AA rèé. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní tiwọn, àmọ́ wọn ò jìn síra púpọ̀.

Ẹnì kan á kí yín lẹ́nu ọ̀nà. Adarí á ṣí ìpàdé, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ kúkúrú kan nípa ẹgbẹ́ náà àti ìlànà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè bóyá ẹnì kan wà tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ibí ni ọkàn ti máa ń bọ́ sọ́wọ́. Ẹ lè na ọwọ́, kẹ́ ẹ sọ orúkọ yín ẹyọ kan, láìsí orúkọ ìdílé. Ẹ sì lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa wá na ìka sí yín.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á sọ ìtàn ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n mú kókó kan, kí kálukú sì máa sọ̀rọ̀ lé e. Bí ó bá kàn yín, gbólóhùn kan tó:

“Orúkọ mi ni báyìí. Mo kàn fẹ́ fetí sílẹ̀ lónìí.”

Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á kọjá sí ẹlòmíràn. Mo fi gbólóhùn yìí ṣe ìpàdé mẹ́rin gbáko.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e dẹ́rù bà yín. Ìlànà wọn ni pé ẹnì kan kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: kò sí ìmọ̀ràn, kò sí “ohun tí ò bá ti ṣe ni.” Ẹni tí kò mọ̀ máa rò pé wọn ò ka òun sí. Mo rò bẹ́ẹ̀, inú sì bí mi délé. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìgbà yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ọtí níwájú èèyàn tí kò sí ẹni tó bá mi wí.

Agbọ̀n lè kọjá. Ẹni tuntun ò ní láti dá owó, ẹ jẹ́ kó kọjá. Wọ́n lè pín ẹyọ kékeré onírin tàbí onírọ́bà fún àwọn tó pé ọjọ́ kan, oṣù kan, ọdún kan láìmutí. Bí ẹ bá fẹ́ gba ti wákàtí 24, ẹ lọ gbà á. Ní ìparí, wọ́n lè dìde ṣe àdúrà. Bí àdúrà náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ kàn dúró pẹ̀lú wọn, ó tán.

Ẹ wá gbọ́: ẹ má sáré jáde. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ìpàdé, nígbà tí wọ́n bá ń to àga, ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń jáde. Ẹ bá wọn to àga. Ọwọ́ tó níṣẹ́ kì í mọ ojútì. Ibẹ̀ lẹ ti máa gba nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

### Àṣírí ńkọ́?

Wọn kì í kọ orúkọ ìdílé yín sílẹ̀, wọn kì í béèrè ibi iṣẹ́ yín, wọn kì í pe ẹbí yín. Bí ẹ bá bá ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pàdé níbẹ̀, ẹ rántí pé ohun tó gbé yín wá ló gbé òun náà wá. Àmọ́ ẹ mọ ibi tó mọ: àdéhùn láàárín ọmọ ẹgbẹ́ ni, kò ní agbára òfin bíi ti ọ̀rọ̀ èèyàn pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Ohun tó lè gbé yín dé kóòtù, lọ́yà ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ fún. Bó bá sì jẹ́ kóòtù ló rán yín wá, tí wọ́n ní kí ẹnì kan fọwọ́ sí ìwé yín, ẹ bá adarí sọ ọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń fọwọ́ sí i, àwọn kan kì í ṣe é.

## Àṣìṣe tí mo rí jù

Fífi ìpàdé ẹyọ kan ṣèdájọ́. Ìpàdé méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ bí ilé méjì ṣe yàtọ̀. Ọ̀kan kún fún àgbàlagbà, ìkejì fún ọ̀dọ́. Ọ̀kan gbóná, ìkejì tutù. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ní ibi méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó sọ pé kò wúlò fún yín.

“Tèmi ò tíì burú tó yẹn.” Ẹ máa gbọ́ ìtàn ẹni tó pàdánù ilé, iṣẹ́ àti ọmọ. Bí ẹ̀yin bá ṣì ní iṣẹ́, ọkàn yín á sọ pé ẹ ò sí lára wọn. Ẹ má fi àdánù wọn àti tiyín sórí ìwọ̀n. Ẹ máa gbọ́ àwọn ohun kékeré: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìgò pa mọ́, bí wọ́n ṣe ń ka ife tí wọn ò sì ka á tán, irọ́ tí wọ́n ń pa láàárọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ orúkọ ara yín.

Jíjáwọ́ nínú oògùn dókítà torí ẹnì kan nínú ìpàdé ní “oògùn náà, ọtí náà ni.” Ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe dókítà. Àwọn oògùn kan wà tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́, bíi naltrexone, acamprosate àti disulfiram. Wọn kò tako ìpàdé, ẹ lè lo méjèèjì pọ̀.

Mímú ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń mutí dání. Bí kò bá fẹ́ jáwọ́ fúnra rẹ̀, ilé ọtí lẹ máa gbà padà sílé.

## Lẹ́yìn ìpàdé kẹta tàbí ìkẹrin

Nínú AA, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́: ẹni tó ti pẹ́ láìmutí tó ń mú ẹni tuntun gba inú ìgbésẹ̀ 12, tí ẹ sì lè pè nígbà tí ọtí bá ń fà yín. Ẹ má yan ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù. Ẹ wá ẹni tó ti pé ọdún kan ó kéré tán, tí ìgbésí ayé rẹ̀ wù yín, tó sì máa ń gbé fóònù. Wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn kí ọkùnrin mú ọkùnrin, kí obìnrin mú obìnrin. Ẹ lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ṣe é fún mi fún oṣù kan ná?” Kì í ṣe ìgbéyàwó, ẹ lè yí i padà.

Ẹ fi pípe fóònù dánra wò nígbà tí nǹkan kan ò tíì ṣe yín. Ẹni tí kò bá pe nọ́ńbà kan rí kò ní pè é lálẹ́ ọjọ́ tí ọtí bá dé iwájú rẹ̀.

### Ẹ kúrò nínú ẹgbẹ́ náà bí:

- ẹnì kan bá ń yá owó lọ́wọ́ yín, tàbí tó ń tajà fún yín
- ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ bá ń fi ìfẹ́ lọ ẹni tuntun, tí àwọn tó kù sì ń wò ó níran
- wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má rí dókítà mọ́
- ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ nínú yàrá bá jáde sí àdúgbò

Ìdí rèé tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ mẹ́ta sílẹ̀.

## Bí kò bá sí ẹgbẹ́ kankan nítòsí

Ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, ó sì ń wáyé ní gbogbo wákàtí nítorí pé bílẹ̀ ṣe ń ṣú níbì kan ló ń mọ́ níbòmíràn. AA, SMART Recovery, LifeRing àti Women for Sobriety ló ní in. Ẹ wo orúkọ tó máa hàn lójú fóònù yín kẹ́ ẹ tó wọlé, torí orúkọ yín lódindi ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ yí i sí orúkọ kan. Ẹ lè pa kámẹ́rà. Bí ẹ kì í bá dá gbé, ẹ lo íápíìsì, kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn má bàa tú sí etí ará ilé yín.

Nínú AA, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó bá pàdé nítorí àtijáwọ́ nínú ọtí lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́. Bí ẹ bá rí ẹnì kan, ẹ ti tó.

## Bí ẹ bá tún mu

Ìpàdé tó sún mọ́ jù ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ti oṣù tó ń bọ̀ “nígbà tí mo bá ti tún ara mi ṣe.” Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: “Mo tún mu.” Kò sí ìpàdé tí èyí jẹ́ tuntun sí. Bí ẹ bá ti mu fún ọjọ́ púpọ̀ léraléra, ẹ padà sí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ lókè yẹn, ẹ rí dókítà. Bó bá sì ń ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ gba ẹ̀mí ara yín, ẹ má dúró de ìpàdé rárá. Ilé ìwòsàn tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì ni, lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú yín.

## Bó bá jẹ́ pé ẹni yín ló ń mutí

Ẹ̀yin náà ní ẹgbẹ́ tiyín. Al-Anon ti wà láti ọdún 1951 fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ ẹni tó ń mutí, Alateen sì wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ lè lọ sí ìpàdé AA tó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ síbi tí ẹni náà á ti rí i. Ẹ má dá ọjọ́ fún un. Ẹ má wọ́ ọ lọ. Ẹ lọ sí tiyín, kó lọ sí tirẹ̀ tàbí kó má lọ.